Ojú Yín Ni Wọ́n Ń Kà Kí Ẹ Tó La Ẹnu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Olùkọ́ JSS1 ni mí ní Ìbàdàn, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ rèé. N kì í na ọmọ, n kì í bú wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sọ fún olùkọ́ mìíràn pé mi ò fẹ́ràn àwọn. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, gbogbo wọn á dorí kodò. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í wo ojú mi rárá. Pírínsípà wa ní òpùrọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún wa, wọ́n ní ìdá 93 nínú 100 ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ, ara ló fi ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kí n máa fi ara mi ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó bá gbọ́ pé àwọn ọmọ ní òun kò fẹ́ràn àwọn, ìbínú ni yóò fi gbà á. Ẹ̀yin wá béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí i, inú mi sì dùn sí yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìdá 93 yẹn kúrò lọ́nà, nítorí mo ti gbọ́ ọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀, wọn kì í sì í sọ ibi tó ti wá.

Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí méjì jáde ní 1967. Ohun tí wọ́n wò kò pọ̀: bí ẹnìkan bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, tí ohùn rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ sì ń sọ òmíràn, èwo ni olùgbọ́ yóò gbà gbọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà fẹ́ràn èèyàn? Níbẹ̀ ni Mehrabian ti ṣírò ìdá 7 fún ọ̀rọ̀ ẹnu, 38 fún ohùn, 55 fún ojú. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ bí inú ṣe rí sí èèyàn nìkan ni ìṣirò náà wà fún. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú ṣíṣẹ́ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹnu yín ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Àwọn ọmọ yín ò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ́. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ràn àwọn. Ohun tí Mehrabian wò gan-an nìyẹn. Ẹnu yín ń sọ pé "ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ojú yín ń sọ nǹkan mìíràn, ojú ni wọ́n sì gbà gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Olùkọ́ Yorùbá ilé-ìwé yín máa ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ìbánisọ̀rọ̀ láyé àtijọ́: àrokò, ìlù, àti lílo ẹ̀yà ara, bí ojú ṣíṣẹ́, imú yínyín, èjìká sísọ, ṣùtì yíyọ. A máa ń kọ́ ọ bí ẹni pé ó ti bá àwọn baba ńlá wa lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ mú lọ kí èèyàn. Wọ́n na ẹran sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé agbedeméjì, ó wá dúró, ó yí ojú padà sí ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá rọra ṣẹ́jú, á gbà á, á kúnlẹ̀. Bí ìyá bá la ojú sí i díẹ̀ báyìí, ọmọ á ní, "Ẹ ṣé o, mo ti yó." Ìyá kò la ẹnu, ẹni tó ni ẹran kò sì rí nǹkan kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló kún kíláàsì yín. Láti ọwọ́ ìyá ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ojú àgbà, wọ́n sì ń ka tiyín láti ìgbà tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà.

Kí ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀? Ẹ ti dúró de Micra láti aago mẹ́fà àbọ̀. Awakọ̀ há yín mọ́ ẹnìkan níwájú, kò ní ṣéńjì, ẹ bá a fa ọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ojú tí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ni ẹ gbé wọ kíláàsì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ pé awakọ̀ lẹ ń bá bínú. Òun lẹ wò, òun ló sì máa rò pé ó ṣẹ̀ yín. N ò ní kí ẹ máa rẹ́rìn-ín tipátipá o. Ẹ̀rín ètè lásán, ọmọ máa ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó dé ojú. Ẹ kàn dúró níta fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ àpò yín kalẹ̀. Ẹ mí. Ẹ wá wọlé bí ẹni tó ń bọ̀ wá bá èèyàn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibi tí ojú yín ń lọ, ibẹ̀ ni mo sì fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bá wà ní TP, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò ní ilé-ìwé. N kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ nìkan. Màá ya bí àwọn ọmọ ṣe jókòó sínú nọ́ọ̀tì mi, àpótí kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí ojú olùkọ́ bá bà lé ọmọ kan, màá fa ìlà kan sínú àpótí rẹ̀. Mo rántí ọmọkùnrin kan dáadáa, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, tó ń kọ́ wọn bí omi ṣe ń di kùrukùru tó fi ń padà rọ̀ bí òjò. Ó mọ iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ já gaara, àwòrán tó yà sára pátákó dára púpọ̀. Nígbà tí aago lù, mo fi nọ́ọ̀tì mi hàn án. Ìlà ti dì gbagidi ní bẹ́ńṣì iwájú, ó sì gba àárín sọ̀ kalẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì, bẹ́ńṣì méjì gbáko, kò sí ìlà kan. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún mi pé, "Mà, orúkọ wọn gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n."

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 1970, Adams àti Biddle, tí wọ́n fi fídíò ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, rí i pé bẹ́ńṣì iwájú àti ìlà tó gba àárín sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín olùkọ́ àti ọmọ ti ń wáyé. Àwọn tó kù wá síbi àsè, ṣùgbọ́n àwo ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí olùkọ́ tó jí lówùúrọ̀ tó ní òun kò ní wo ọmọ kan lónìí. Ojú máa ń lọ síbi tí ìdáhùn ti ń wá ni. Ọmọ tó ń dáhùn ń gba ojú, ojú tó ń gbà ń jẹ́ kó tún dáhùn. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò rí ojú gbà, ó wá di ọmọ tí kò mọ nǹkan. Tó bá délé, kí ló máa sọ? Á ní, "Tíṣà yẹn ò fẹ́ràn mi." Òótọ́ tí ojú rẹ̀ rí ló sọ.

Ẹ ní kí ẹlẹgbẹ́ yín kan wá jókòó sẹ́yìn lọ́sẹ̀ yìí, kó fa irú ìlà yẹn fún yín. Ẹ má fúnra yín ṣe é, nítorí èèyàn ò lè máa kọ́ni kó tún máa ka ojú ara rẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ bẹ́ńṣì tí ojú yín kì í dé, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ lò. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kí ẹ tó béèrè ìbéèrè.

Ẹsẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ o. Ẹ ní ẹ kì í na ọmọ, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín ti gba ọwọ́ olùkọ́ bíi mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, lára àwọn olùkọ́ náà sì wà tí pàṣán kì í kúrò lórí tábìlì wọn. Ara ọmọ kì í tètè gbàgbé. Ẹ gbìyànjú èyí wò: ẹ rìn wá sẹ́yìn ọmọ kan, ẹ na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀ lójijì, kí ẹ máa wo èjìká rẹ̀. Ẹ máa rí i tí yóò sún sókè sí etí, tí ọrùn rẹ̀ yóò wọlé bíi ti ahun. Kò tíì rí yín gan-an, ara rẹ̀ ti dáhùn ná. Nítorí náà, ẹ máa gba iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, níbi tó ti lè rí ọwọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí orí yín má wà lókè orí rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí ọwọ́ tí ẹ fi ń gba ìwé. Ṣọ́ọ̀kì máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, a ó wá fi òsì gba ìwé, a ó fi òsì dá a padà. Lójú wa, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń bá wí nílé láti kékeré pé ọwọ́ òsì kò ṣeé nà sí èèyàn mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. (Bí ọmọ bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òsì ló fi ń kọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká wá sí àwọn tó ń dorí kodò tí ẹ bá béèrè ìbéèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè, báwo lẹ ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀? Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ téèpù ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn, tàbí kó fúnra rẹ̀ dáhùn. Àwọn tó kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìdáhùn ọmọ gùn sí i lọ́dọ̀ wọn, àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 kò tó nǹkan létí, àmọ́ tí ẹ bá dúró níwájú ogójì ọmọ tí gbogbo ilé dákẹ́, á dà bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ẹ fara dà á. Ẹ ka ẹ̀ẹ́ta sínú. Kí ojú yín tutù bí ẹ ti ń kà á, torí tí ẹ bá dúró tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àfi kí ẹ má tilẹ̀ dúró.

Ẹ má sì ṣe rò pé orí tó wà nílẹ̀ ti sùn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ọdún kejì tèmi náà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo bi ọmọbìnrin kan ní Primary 5 pé kí ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 48. Ó gbé ojú lọ sókè, ó dákẹ́. Mo ní, "Ṣé orí àjà ni wọ́n kọ ọ́ sí ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Nígbà tí mo gba ìwé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i létí ìwé rẹ̀ pé ó ti pín 48 sọ́nà mẹ́rin, ó kọ 12, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un: 12, 24. Ẹyọ ìgbésẹ̀ kan ló kù tí yóò fi dé 36. Lórí àjà yẹn ló ti ń ṣírò rẹ̀. Títí ọdún fi parí, kò tún na ọwọ́ sókè fún mi mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo ka iṣẹ́ Gwyneth Doherty-Sneddon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stirling ní Skọ́tilándì. Wọ́n rí i pé bí ìbéèrè bá ṣe le tó ni àwọn ọmọ ń gbé ojú kúrò lára ẹni tó bi wọ́n. Ojú èèyàn ní ohun púpọ̀ nínú. Ọmọ tó ń ronú ní láti gbé ojú rẹ̀ síbi tí kò sí nǹkan kí orí rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún pé kí wọ́n máa gbé ojú kúrò tí wọ́n bá ń ronú, ìdáhùn wọn dára sí i. Mo kà á tán, ọmọbìnrin yẹn ni mo rántí.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń mú orí dorí kodò lọ́dọ̀ wa: èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ ìdáhùn ní Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi gbé e jáde kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà ní 1970, ohun tí wọ́n ń jà fún nìyí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan pé ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́kọ́ fi Yorùbá dáhùn, kí ẹ jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ wo iye orí tí yóò gbé sókè.

Kí ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn tí wọ́n bá ń ṣàlàyé. Ní 1986, Church àti Goldin-Meadow ní Amẹ́ríkà da omi láti inú ife gíga tóóró sínú abọ́ fífẹ̀ tó kúrú, wọ́n bi àwọn ọmọdé pé ṣé omi náà ṣì jẹ́ iye kan náà. Àwọn ọmọ kan fi ẹnu sọ pé ó ti yàtọ̀, nítorí èyí ga, ìyẹn kúrú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn ń fi fífẹ̀ abọ́ hàn. Ọwọ́ ti mọ ohun tí ẹnu kò tíì mọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an ló jèrè jù nígbà tí wọ́n kọ́ wọn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kùnà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ya nǹkan tó tọ̀nà lójú afẹ́fẹ́, ó kù díẹ̀ kó dé e. Ẹ má fi "rárá, jókòó" lé e padà. Ẹ ní, "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gba ọmọ JSS1 lọ́wọ́ nítorí pé ó ń fi ìka ka iye.

Ó wá ku ọmọkùnrin yín tí kì í wo ojú. Ẹ sọ fún pírínsípà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ òpùrọ́. Charles Bond àti Bella DePaulo kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2006. Nínú ìgbà 100 tí èèyàn bá gbìyànjú láti mọ ẹni tó ń parọ́, ìgbà 54 péré ni wọ́n ń gbà á. Ẹni tó bá di ojú, tó sì ń ju kọ́bọ̀ sókè, á gbà á ní ìgbà bíi 50. Lọ́dọ̀ tiwa, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí. "Ṣé èmi lò ń wò lójú báyìí?" Ta ni kò gbọ́ ọ rí nínú wa? Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń tọ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n mọ ìyà tó wà nínú èyí: nílé, wíwo ojú ni àfojúdi, ní ilé-ìwé, olùkọ́ ní kí wọ́n wo ojú òun tí òun bá ń sọ̀rọ̀, bí wọn ò bá wò ó, á ní wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ilé kan náà ni ọmọ ti ń jáde lówùúrọ̀, òfin méjì ló ní láti pa mọ́. Kí a wá mú òfin ti Lọ́ńdọ̀n wá fi dá ọmọ lẹ́bi ní Ìbàdàn, ìyẹn kò bá mi lára mu rárá.

Nítorí náà, ẹ kúrò lójú rẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀ tó kù. Tó bá dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀, tí àyà rẹ̀ kọjú sí yín, tó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀, mo gbà pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Tí gbogbo ara rẹ̀ bá dì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ sì ní láti wádìí ohun tó ń bà á lẹ́rù kí ẹ tó bá a wí. Ẹ má pè é jáde síwájú. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọjú sí ìwé kan náà, kí ẹ bi í lọ́rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn fún ọmọ tí kò bá sí ojú kankan níwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo nǹkan mìíràn tí mo ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣé ó máa ń pa ojú pọ̀ kó tó ka pátákó? Ṣé etí kan náà ló máa ń yí sí yín nígbà gbogbo? Ọmọ tí kò rí yín dáadáa kò ní ibi tí yóò gbé ojú sí lára yín, ọmọ tó sì ń fi etí kan gbọ́ lè máa wo ẹnu yín dípò ojú yín. Ẹ gbé e wá sí bẹ́ńṣì iwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó mú un lọ yẹ ojú àti etí wò. Ẹ ṣe èyí ná kí ẹ tó padà lọ bá pírínsípà.